Ọdún Tí A Pín Omi Kànga Ní Orí-ò-jorí

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti kọ ọ́ sójú pátákó báyìí, n óò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kí n tó yíjú padà sí àwọn ọmọ kíláàsì mi. "Equitable" ni ọ̀rọ̀ náà. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ èdè òyìnbó ní Ẹdẹ níbí, àwọn tí mo kọ́ ti bímọ, mo ti ń kọ́ ọmọ wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò yéé fún mi ní wàhálà. Ọmọ kan á dìde, á ní, "Mà, ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan dọ́gba." N óò ní rárá o, jókòó kí o tún un rò. Òmíràn á ní ó túmọ̀ sí kéèyàn má ṣe ojúsàájú. N óò ní ó kù díẹ̀. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan gba àkókò oúnjẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ omi kànga ló bá a wá, nínú agboolé bàbá mi, lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, òyìnbó tí mo gbọ́ kò ju kí n kí olùkọ́ káàárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn àtimáa tojú bọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ìyá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá ń wá Rísí, kí wọ́n wá ibi tí àgbà méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn ògiri ibẹ̀ ló wà.

Agboolé onígun mẹ́rin ni ilé wa, irú èyí tí wọn kì í kọ́ mọ́. Àwọn yàrá dojú kọra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ po, kànga wà ní àárín gbùngbùn àgbàlá. Lónìí tí mo ń gbé nínú ilé tí mo fi géètì sé ara mi mọ́, ariwo ibẹ̀ ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ohùn Bàbá wa la ó kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń jí àwọn ọkùnrin fún ìrun kí wọ́n tó gba oko Alájùẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí ilẹ̀, ewúrẹ́ á máa ké pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, garawa á máa lu ògiri kànga kó tó kan omi, Ìyá Àgbà á sì máa ké sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló ṣì ń sùn. Ìyá Àgbà ló bí Bàbá wa. Ìyá Sùlè ni ìyálé, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Ìyá tèmi ni ìyàwó kejì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la wà lọ́wọ́ wọn. Nínú yàrá kẹta, tó kọjú sí ti Ìyá Sùlè gan-an, ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ ń gbé.

Ìyàwó àbúrò Bàbá wa ni Ìyá Ẹlẹ́kọ. Bíríkìlà ni ọkọ wọn, ó ti kú kí n tó gbọ́njú, kò sì fi ọmọ kankan sílẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ẹbí fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn nínú ilé ṣú wọn lópó, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́kọ dáhùn pé, "Ẹ sáà fi èmi àti ìkòkò mi sílẹ̀." Àwọn ẹbí gbà. Ọmọ Ara ni wọ́n, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹdẹ rárá, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì wà níbẹ̀ tó ń dáko. Ìgbà gbogbo ni ẹ̀gbọ́n yìí ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé, pé kí ni wọ́n ń jókòó tì nílé ọkọ tí kò sí ọkọ, tí kò sí ọmọ. Èsì kan náà ni Ìyá Ẹlẹ́kọ máa ń fi ránṣẹ́ padà: "Iṣẹ́ mi wà níbí. Ọjọ́ tí n kò bá rí ẹ̀kọ ṣe mọ́, kó wá kó mi."

Ẹ̀kọ wọn yẹn ni ilé wa fi ń jí. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, wọ́n á wá jókòó ti aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì, omi á máa ṣàn, ọwọ́ wọn á máa lọ á máa bọ̀, a ó jókòó yí wọn ká bí ẹni ń wo eré. Bí wọ́n bá ro ẹ̀kọ tán láàárọ̀, àwa ọmọdé la máa ń ha èyí tó lẹ̀ mọ́dìí ìkòkò jẹ. Yàrá wọn náà tún wá jẹ́ yàrá tó dára jù nínú ilé. Ọkọ wọn tó jẹ́ bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì yọ́ ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì la fèrèsé gbàràmù sára ògiri tó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, oníkálukú á ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ láti lọ sùn. Àwọn ìyá wa á ṣe bí ẹni ń bínú, wọ́n á ní ṣé a ò nílé ni, ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tí ọmọ márùn-ún wá kúrò lórí ibùsùn rẹ̀, ṣé inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́ tọkàntọkàn? Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Kànga lọ sílẹ̀ títí a fi so okùn mọ́ okùn, bí garawa bá sì dókè, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ẹrọ̀fọ̀. Odò Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, kò jìnnà, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ lásìkò náà, aṣọ nìkan là ń gbé lọ fọ̀ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n fi omi ẹrẹ̀ sẹ́? Ni Ìyá Àgbà bá ní kí káfíńtà ṣe ìdérí fún kànga, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró wọn. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i, ojú wọn ni a sì ń pín omi, ní ìdí-igi. Bí ilé wa ṣe ń pín nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan, ìdí kan sì ní ìpín kan. Bí ìyá kan bí mẹ́wàá tí òmíràn bí ẹyọ kan, ìpín wọn kò yàtọ̀, kí àwọn mẹ́wàá lọ pín tiwọn láàárín ara wọn. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò bí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní ìyàwó ọmọ àwọn ni, ìdí kan ni òun náà. Omi tó kan ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra. Èmi tí mo máa ń dúró wò ó, mo rò pé kò sí bó ṣe tún lè dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọgbọọgba ni omi máa ń dé nínú garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Sùlè kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó wà lọ́rùn wọn ló pọ̀. Àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà lẹ́yìn, ooru ti sọ sí i lára, gbogbo ọrùn rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, kò sì sí omi tó tó láti máa fi wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nù ún lára. Bí wọ́n bá wá gbójú sókè, yàrá tó kọjú sí tiwọn ni wọ́n ń rí, níbi tí obìnrin kan ṣoṣo ti ń da omi sórí àgbàdo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé garawa wọn kalẹ̀, wọn ò gbé e wọlé. Wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èmi àti ẹni tó ń dá gbé, omi kan náà? Ṣé ooru ń sọ sí àgbàdo lára ni?" Mo rí i pé wọn ò fẹ́ sunkún níwájú wa. Ìyá Ẹlẹ́kọ tún ìró wọn so. Wọ́n gbé omi tiwọn, wọ́n wọlé, wọn ò sì dá orin tí wọ́n máa ń dá nídìí ògì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bọ̀dá Àkọ̀wé wálé fún ìsinmi. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àkọ̀wé kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, èyí tó bá wù ú ló máa fún un, àwọn ìyàwó ilé wa sì wo ìwé tó máa ń wà lábẹ́ apá wọn, wọ́n ní Àkọ̀wé ni. A fẹ́ràn wọn, torí pé wọ́n máa ń dáhùn ìbéèrè wa bí ẹni pé àgbà ló béèrè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo ilé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, títí Bọ̀dá Àkọ̀wé fi ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ kan.

"Bí ẹ ṣe ń pín omi yìí," wọ́n ní, "kò equitable."

Gbogbo ilé yíjú sí wọn.

"Kò kí ni?" Ìyá Àgbà bi wọ́n.

"Equitable, Ìyá mi. Òyìnbó ni."

"Mo mọ̀ pé òyìnbó ni. Mi ò pè é ní Haúsá. Kí ló ń jẹ́?"

Bọ̀dá Àkọ̀wé fọwọ́ họrí. Mo ṣì ń rí wọn bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń wo òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní ó jọ dọ́gba, ṣùgbọ́n dọ́gba kọ́, dọ́gba ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá wa ní ṣé déédéé ni? Wọ́n ní ó sún mọ́ ọn. Bàbá wa ní àbí ẹ̀tọ́? Wọ́n ní òun náà wà níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé kí oníkálukú rí ohun tó yẹ ẹ́ gbà," wọ́n sọ nígbẹ̀yìn.

Ìyá Sùlè gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. "Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí ìwé yín já sí asán, ọkọ mi. Ohun tó yẹ ẹni méje, ṣé òun ló yẹ ẹnì kan?"

"Kò lè jẹ́ òun," Bọ̀dá Àkọ̀wé dáhùn.

"Orí-ò-jorí nìyẹn. Kí wọ́n ka orí, kí wọ́n fi omi fún orí. Ṣé ohun tí òyìnbó ń sọ nìyẹn àbí òun kọ́?"

Bọ̀dá Àkọ̀wé mi orí pé òun ni. Tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́, torí pé ọrùn ọmọ tó pọ́n yẹn ni gbogbo wa ń wò. Ìyá Àgbà yíjú sí Ìyá Ẹlẹ́kọ, wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?" Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Ilé ló ni omi, Ìyá wa. Bí ilé bá ṣe fẹ́." Bí wọ́n ṣe yí ìpín omi padà nìyẹn. Ìyá Sùlè dárúkọ orí tiwọn, ìyá mi dárúkọ tiwa, Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Èmi nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà wá di ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ́kúítébù ni a ń pè é, kò sì sí ibi tí a ò lò ó dé. Bí ìyá mi bá bu ọbẹ̀ tí ẹran ò bá tó, ọbẹ̀ náà ò ẹ́kúítébù. Nígbà tí wọ́n na Sùlè àti àbúrò rẹ̀ nítorí pé wọ́n jọ sá kúrò ní ilé-kéwú, Sùlè fi omijé béèrè pé kí ló dé tí tòun fi pọ̀ jù, pé ẹgba yìí ò ẹ́kúítébù rárá. Ẹ̀rín pa ìyá rẹ̀ débi pé wọ́n ju ẹgba sílẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mò ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá wa ní ó dà bí ìgbà tí àwọn alábàáṣe bá pín ebè, tí wọ́n fi èyí tó súnmọ́ ọ̀nà fún arúgbó. Sùlè ní òun ni ìgbà tí wọ́n bá pín nǹkan tán tí ẹnikẹ́ni ò sunkún. Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ tó ń mú ọmọdé béèrè ìbéèrè tó báyìí, ó yẹ kí ìjọba gba owó orí lé e lórí. Mo tún ń rántí ìdáhùn wọn bí mo bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ mi. Gbogbo wọn ló sún mọ́ ọn lọ́nà tirẹ̀. A kì í sábà lo ọ̀rọ̀ náà fún èèyàn, a máa ń lò ó fún ìpín, fún ètò, fún ìdájọ́, fún ọ̀nà tí wọ́n gbà parí ìjà. Dọ́gba, iye ló ń kà. Èyí, ó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pín nǹkan náà fún, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun oníkálukú, ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro, torí pé ta ló lè mọ gbogbo ìyẹn nípa ẹnì kejì rẹ̀?

Omi ẹnì kan ò lè sẹ́ ògì. Ìyá Ẹlẹ́kọ gbìyànjú, wọn ò wẹ̀ dáadáa, wọn ò sebẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, síbẹ̀ ògì náà kan, àwọn oníbàárà dá a padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a jí, a gbé àwo lọ sídìí ìkòkò, ìkòkò wà ní dídojúdé. Àwọn tó máa ń wá ra ẹ̀kọ láti ilé kejì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yí padà. Ilé dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ́nà tí mi ò fẹ́ràn. Ọrùn ọmọ Ìyá Sùlè ti ń san, ó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, inú mi dùn sí ìyẹn, inú mi sì bàjẹ́ sí ìkejì, mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè ní inú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá Ìyá Ẹlẹ́kọ lórí ẹní wọn, wọ́n ń ká aṣọ. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní, "Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá kó mi." Mo ní títí di ìgbà wo? Wọ́n wò mí, wọ́n fọwọ́ pa orí mi. Mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo mọ̀ pé ẹni tó bá kó ẹrù kúrò nílé ọkọ báyẹn, kì í padà wá mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá Àkọ̀wé jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ìyá Ẹlẹ́kọ dúró tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, mi ò bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yín ọjọ́ yẹn, ṣé kò ní ibi tó ti ń wo iṣẹ́ ẹni nínú?" Bọ̀dá Àkọ̀wé gbójú sókè. Wọ́n ní ó yẹ kó ní. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ gbé ìwé atúmọ̀-èdè wọn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ṣí i, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Mo dúró sẹ́yìn wọn, mò ń wo àwọn lẹ́tà kékeré náà bí ẹni pé wọ́n máa sọ̀rọ̀. "Ó ní in," wọ́n ní. "Ó ní in, ìyàwó wa. Èmi ni mi ò rò ó dé ibẹ̀." Ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n lọ bá Ìyá Àgbà, wọ́n ní orí nìkan kọ́ ni ká máa kà, ká tún wo ohun tí oníkálukú nílò.

Ìyá Sùlè tó ń gúnyán lọ́wọ́ dá ọwọ́ dúró. "Ó wá yí padà lónìí? Ọ̀rọ̀ yín yìí ò mà dúró lójú kan, Àkọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n ka orí, wọ́n ti ka orí. Bí ẹ bá tún fẹ́ ka nǹkan mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wá ka ẹnu tó ń jẹ iyán yìí." Òótọ́ kúkú ni wọ́n sọ. Bọ̀dá Àkọ̀wé pa ìwé dé. Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí wọn, wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ kànga sọ́tùn-ún sósì láàárín ìka. Wọ́n ní, "Orí tí ẹ kà ọjọ́sí, ẹnu lẹ fi kà á. Èmi ò fojú mi rí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kẹ́nikẹ́ni má lọ síbì kan. Kí oníkálukú dìde dúró síwájú yàrá tó bá ti jí. N óò kà á fúnra mi."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá Ìyá Àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bọ̀dá Àkọ̀wé ní wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ní rárá, pé ọ̀rọ̀ ló sú arúgbó, tó fẹ́ sún ọ̀rọ̀ náà di ọjọ́ kejì. Mo bi Ìyá Àgbà fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo dàgbà, wọ́n ní ṣé mi ò ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dé láti Ara. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti gbé ẹrù àbúrò rẹ̀ jáde sí ẹnu ìloro, àpótí, ẹní tí wọ́n ká àti ìkòkò ńlá yẹn, ó ti fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó sì jókòó tì wọ́n. Ìyá Àgbà ní kó ṣe sùúrù kí àwọn parí ohun kan. Wọ́n dúró sídìí kànga, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó yá. Àwa ọmọdé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí a ti jí la ti jáde. A tò síwájú yàrá Ìyá Ẹlẹ́kọ, èmi, àbúrò mi, Sùlè, àwọn àbúrò Sùlè, a ń ti ara wa, a ń fọwọ́ nu oorun tó wà lójú wa. Mútíù, ọmọ Ìyá Sùlè tí àbíkẹ́yìn tẹ̀ lé, kò tíì jí dáadáa, ó fi orí ti ìtan Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó tún sùn lọ lóòró.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n ń nawọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kà wá tán, wọ́n yíjú sí òdìkejì. Ìyá mi dá dúró síwájú yàrá tiwa, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, mo rí i pé ẹ̀rín ló fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo wá rí Ìyá Sùlè. Wọ́n dúró síwájú yàrá wọn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, kò sẹ́lòmíràn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni pé àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. "Mútíù," wọ́n pè é. Mútíù kò gbọ́, oorun ló ń sùn. "Sùlè, ẹ máa bọ̀ níbí jàre." Sùlè wo Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá Àgbà ní ibi tí a bá ti jí ni." Ojú Ìyá Sùlè yí padà. Mi ò rí obìnrin tó bí ọmọ mẹ́fà tó dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àánú wọn ṣe mí. Omi ló fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn báyìí, orí-ò-jorí tí àwọn fúnra wọn bẹ̀bẹ̀ fún ló ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n n kò rò pé omi ni wọ́n ń rò.

Ìyá Àgbà la ẹnu láti sọ iye tí wọ́n kà. Kí wọ́n tó sọ ọ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé Mútíù sí èjìká. Wọ́n kúrò níwájú yàrá wọn, wọ́n kọjá níwájú Ìyá Àgbà, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n lọ sí òdìkejì. Àwa náà tẹ̀ lé wọn, ibi tí wọ́n bá ń lọ kúkú là ń lọ. Wọ́n dé iwájú yàrá Ìyá Sùlè, wọ́n dúró.

"Ìyálé mi," wọ́n ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ìyá Sùlè wò wọ́n. Wọ́n wo Mútíù lójú oorun. Wọ́n wá sún, wọ́n fara ti òpó, àyè sì wà lórí pèpéle fún ẹlòmíràn. Ìyá Ẹlẹ́kọ gorí rẹ̀. A rọ́ gìrìgìrì yí àwọn méjèèjì ká. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá tèmi náà ti ń bọ̀, wọ́n ń so ìró wọn bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ìyá Àgbà dá dúró sídìí kànga, gbogbo yàrá yòókù ti ṣófo. "Wàyí o," wọ́n ní, "iwájú yàrá ta ni kí n kà yín sí?"

Ìyá Sùlè kò gbójú sókè. Wọ́n ń tún aṣọ Mútíù fà bò ó lẹ́yìn lórí èjìká Ìyá Ẹlẹ́kọ.

"Ẹ kà wá pọ̀, Ìyá wa," wọ́n ní. "Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ omi ẹ̀kọ, ká wá jọ máa lo ìyókù."

Ní ẹnu ìloro, ẹ̀gbọ́n tó ti Ara wá wò wá títí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù náà.